Òkìtì Ìmọ́lẹ̀ Tí Ó Wà Lẹ́yìn Kámẹ́rà

Lẹ́tà méjì ni ó wà níwájú mi bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìbéèrè kan náà ni àwọn méjèèjì ń béèrè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ó kọ wọ́n kò mọ ara wọn rí, tí iṣẹ́ wọn kò sì jọra.

Ẹni kìíní jẹ́ tíṣà obìnrin kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òun ni wọ́n máa ń bẹ̀ lọ́dọọdún pé kí ó ya fọ́tò àwọn ọmọ tí ó ń jáde, nítorí pé òun nìkan ni ó ní kámẹ́rà láàárín wọn. Ó ní lọ́dún yìí òun to ọmọ 41 síwájú ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní ọ̀dà funfun, gbogbo wọn sì wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Nígbà tí fọ́tò náà jáde, ṣẹ́ẹ̀tì ti di àwọ̀ eérú, ojú àwọn ọmọ sì dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá kan fi gbé fọ́tò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, tí ó sì béèrè pé, "Tíṣà, èwo ni tèmi níbẹ̀?" Wọ́n ti gba owó fọ́tò lọ́wọ́ àwọn òbí kí wọ́n tó yà á. Ojú ń ti tíṣà wa láti gba ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ kọjá.

Ẹnì kejì jẹ́ ìyá kan tí ń ta àdìrẹ ní Ìtokú, l'Abẹ́òkúta. Orí WhatsApp ni ó ti ń ta èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjà rẹ̀, fún àwọn tí ń bẹ l'Ékòó àti àwọn tí ń bẹ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó fi fóònù ya àdìrẹ kan tí ó mu aró dáadáa, tí ó dúdú kíjikíji. Oníbàárà rí fọ́tò, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sanwó. Nígbà tí aṣọ dé ọwọ́ rẹ̀, ó dá a padà. Ó ní aṣọ tí òun rà kọ́ ni wọ́n kó ránṣẹ́, pé èyí tí òun rí nínú fọ́tò mọ́lẹ̀ ju èyí lọ. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, ìyá yìí ni ó san án. Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ọ̀gá, ṣé fóònù mi ni ó ń purọ́ ni, àbí ojú oníbàárà mi?"

Fóònù yín ni, ìyá mi. Ṣùgbọ́n irọ́ ìkà kọ́ ni ó pa. Irọ́ àìmọ̀kan ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé. Kámẹ́rà kò mọ ohun tí a gbé ka iwájú rẹ̀. Kò mọ léèsì, kò mọ aró, kò mọ ògiri. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ń ta padà láti ara nǹkan wọ̀nyí nìkan ni ó lè wọ̀n. Àwọn tí ó ṣe é ti pa á láṣẹ pé, ohunkóhun tí ó bá rí, kí ó gbà pé àwọ̀ rẹ̀ bí eérú ni, tí kò funfun, tí kò sì dúdú, tí ó wà ní agbedeméjì. Àṣẹ náà kò burú, nítorí pé bí a bá po gbogbo ohun tí ó wà ní ìta gbangba pọ̀, koríko, ilẹ̀, ògiri, ènìyàn àti ewúrẹ́, agbedeméjì náà ni ọ̀pọ̀ ìgbà ń já sí. Ìjàngbọ̀n dé nígbà tí ohun tí ó kún ojú kámẹ́rà bá jẹ́ funfun nìkan tàbí dúdú nìkan. Kámẹ́rà rí ògiri funfun àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun 41, ó ní, "Háà, ìmọ́lẹ̀ yìí pọ̀ jù," ó sì pa ojú dé. Ohun funfun di eérú, ojú àwọn ọmọ tí ó ti dúdú tẹ́lẹ̀ di òru. Ní Ìtokú ẹ̀wẹ̀, ó rí aró láti igun dé igun, ó ní, "Òkùnkùn yìí pọ̀ jù," ó sì la ojú sílẹ̀ gbàgà. Aró dúdú di aró tí ó ti ṣá. Àṣìṣe kan náà ni, ọ̀nà tí ó gbà yọ ni ó yàtọ̀.

Lóòótọ́, àwọn fóònù ìsinsìnyí gbọ́n ju ti àtijọ́ lọ. Wọ́n a máa wá ojú ènìyàn nínú fọ́tò, wọn a sì máa gbìyànjú láti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ojú ènìyàn lára àdìrẹ.

Ẹ ó wí fún mi pé, ṣebí ojú tiwa wà níbẹ̀, ṣebí a lè wo ẹ̀yìn kámẹ́rà bí a bá ti yà á tán, kí a rí i bóyá ó dára. Ohun tí ó ń tan ènìyàn jẹ jù lọ nìyẹn. Gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí a lè gbára lé. Bí ẹ bá wò ó nínú oòrùn, yóò dúdú lójú yín bí fọ́tò náà tilẹ̀ mọ́lẹ̀ jù. Bí ẹ bá wò ó nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn, yóò tàn bí àtùpà, bí fọ́tò náà tilẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Fóònù tilẹ̀ burú jù, nítorí òun fúnra rẹ̀ a máa fi kún iná ojú rẹ̀, a sì máa dín in kù, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ èyí. Ní ọdún 2009, a ṣe ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún fún ìyá mi. Èmi ni mo gbé kámẹ́rà lọ́wọ́, nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni, mo sì fẹ́ kí ẹbí rí i pé mo mọ̀ ọ́n lò. Ìyá mi wọ léèsì funfun kan tí ó ti ń fi owó pamọ́ fún láti ọdún tí ó ṣáájú, léèsì tí òdòdó ara rẹ̀ àti ihò abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń wu ènìyàn wò. Ní ọ̀sán gangan, ní àárín àgbàlá, mo gbé àga fún un, mo ní kí ó jókòó. Mo yà á, mo wo ẹ̀yìn kámẹ́rà: ó dúdú. N kò mọ̀ pé oòrùn tí ó ń ràn sórí gíláàsì ni ó mú un dúdú lójú mi. Mo fi ìmọ́lẹ̀ kún un, mo tún yà á. Ó ṣì ṣókùnkùn díẹ̀. Mo tún fi kún un. Ó wá dára lójú mi, inú mi dùn, mo ya bí ogójì. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà, léèsì ìyá mi ti di tákàdá. Kò sí ihò abẹ́rẹ́ kan, kò sí òdòdó kan lára rẹ̀ mọ́. Iwájú orí rẹ̀ àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ òsì, níbi tí oòrùn ti bà á, ti funfun bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun kùn wọ́n. Ìyá mi wò ó, ó ní, "Ó dára, ọmọ mi." Ìyá a máa sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó fi ayé sílẹ̀ ní ọdún kẹta, a wá fọ́tò tí a ó fi síwájú ìwé ètò ìsìnkú. Nínú ogójì náà, a kò rí ọ̀kan tí ó ṣeé lò. Fọ́tò kékeré tí ó yà fún káàdì ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni a sọ di ńlá.

Bẹ́ẹ̀ ni bọ́tìnnì kan wà lẹ́yìn kámẹ́rà náà tí ì bá sọ òtítọ́ fún mi lójú ẹsẹ̀. Mo ti ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ rí. Mo rí àwòrán kan tí ó jọ òkè Ìdànrè, mo rò pé ohun àwọn ẹnjinníà ni, mo sì pa á rẹ́ kúrò níbẹ̀.

Histogram ni orúkọ ohun náà. Karl Pearson, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì onímọ̀ ìṣirò, ni ó fún un ní orúkọ yìí ní àwọn ọdún 1890, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tí ì lá àlá irú kámẹ́rà tí a ń lò yìí. Èmi ń pè é ní òkìtì ìmọ́lẹ̀, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ̀yin tíṣà ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ìdánwò fún kíláàsì, tí ẹ sì fẹ́ mọ bí àwọn ọmọ ti ṣe é sí, ẹ ó ka iye ọmọ tí ó gba máàkì 0 sí 10, iye tí ó gba 11 sí 20, bẹ́ẹ̀ títí dé 100. Ẹ ó wá ya òpó kan fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sára pátákó. Ibi tí òpó bá ga sí ni ọmọ pọ̀ sí. Òpó kò dárúkọ ọmọ kankan, kò sì sọ ibi tí ó jókòó sí nínú kíláàsì; iye wọn nìkan ni ó ń sọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kámẹ́rà ń ṣe. Àmì tíntìntín ni ó para pọ̀ di fọ́tò. Nínú fọ́tò kan tí fóònù onímegapixel 12 bá yà, àmì tí ó wà níbẹ̀ tó mílíọ̀nù 12. Kámẹ́rà ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní máàkì láti 0 dé 255. Ohun tí ó gba 0 ni dúdú tí kò ní ìmọ́lẹ̀ kankan. Ohun tí ó gba 255 ni funfun tí kò lè funfun ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ jẹ́ kí a fi ojú gàrí wò ó. Ẹnì kan to agbọ̀n 256 sí ìlà kan, láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún. Agbọ̀n tí ó wà ní ìpẹ̀kun òsì ni ti dúdú pátápátá, èyí tí ó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀tún ni ti funfun pátápátá, àwọn tí ó kù sì wà láàárín wọn ní sísẹ̀ntẹ̀lé. Ó ń mú àmì inú fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ọ́ sínú agbọ̀n tirẹ̀. Nígbà tí ó bá parí, agbọ̀n kan yóò kún àkúnwọ́sílẹ̀, òmíràn yóò ṣófo. Bí òkìtì wọn ti rí bí ẹ bá dúró níwájú wọn ni àwòrán tí ẹ ń rí lẹ́yìn kámẹ́rà. Oòrùn kò lè yí i padà, òkùnkùn yàrá kò lè yí i padà.

Ibi méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: ògiri ọ̀tún àti ògiri òsì. Bí òkìtì bá rọ́ lu ògiri ọ̀tún, tí ó sì dúró gángán síbẹ̀ bí òpó iná, a jẹ́ pé nǹkan ti jóná nínú fọ́tò náà. Gbogbo ohun tí ó gba 255 ti dọ́gba, ihò abẹ́rẹ́ ati òdòdó, gbogbo rẹ̀ ti di ọ̀kan. Kò sí kọ̀ǹpútà tí ó lè dá a padà, nítorí pé kámẹ́rà kò kọ ohun mìíràn sílẹ̀ nípa rẹ̀ ju "funfun" lọ. Bí òkìtì bá rọ́ lu ògiri òsì, nǹkan ti di èédú. Èyí tún sàn díẹ̀: ohun tí ó bá súnmọ́ ògiri òsì láìkàn án ṣeé fà jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò máa ṣe wínníwínní bí ẹni bu iyanrìn sí i. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tún máa ń ṣe ohun kan tí ó dára: bí ẹ bá wo fọ́tò tí ẹ yà, ibi tí ó ti jóná yóò máa ṣẹ́jú, dúdú, funfun, dúdú, funfun. Bí ó bá jẹ́ fìtílà tàbí ṣéènì wúrà tí oòrùn ń kọ mànà lára rẹ̀ ni ó ń ṣẹ́jú, ẹ fi í sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí. Bí ó bá jẹ́ léèsì tàbí iwájú orí ènìyàn, ẹ tún fọ́tò náà yà.

Mo gbọ́ pé àwọn kan ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn pé òkìtì tí ó dára gbọ́dọ̀ ga láàárín, kí ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń mú kí ènìyàn ba fọ́tò tí ó dára jẹ́. Bí ẹ bá ya àìsùn lóru, apá òsì ni òkìtì gbọ́dọ̀ pọ̀ sí, nítorí òru ni. Bí ẹ bá ya ìyàwó aláṣọ funfun níwájú ògiri funfun, apá ọ̀tún ni yóò wà. Bí òkìtì bá wà ní agbedeméjì nígbà tí ohun tí ó wà níwájú yín jẹ́ funfun, ìyẹn gan-an ni àmì pé kámẹ́rà ti sọ ọ́ di eérú. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ fẹ́ yà, kí ẹ bi ara yín pé apá ibo ni ó yẹ kí òkìtì rẹ̀ wà, kí ẹ tó wo ibi tí ó wà.

Ní ti bí a ti ń rí i: lórí Canon, INFO ni ẹ ó máa tẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń wo fọ́tò tí ẹ ti yà, lórí Sony, DISP ni. Ní ti Nikon, ẹ lè kọ́kọ́ ní láti wọ inú mẹ́nù, níbi tí wọ́n kọ Playback display options sí, kí ẹ sàmì sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní í yọjú. Fóònù kò dọ́gba. Àwọn kan ń fi òkìtì hàn bí ẹ bá yí kámẹ́rà wọn sí Pro, àwọn kan kì í fi hàn rárá. Ẹni tí tirẹ̀ kì í bá fi hàn, kí ó fi Lightroom sórí fóònù rẹ̀, yóò rí òkìtì fọ́tò tí ó ti yà níbẹ̀.

Bí a ti ń sún òkìtì wá sí ọ̀tún tàbí sí òsì kò le rárá. Lára kámẹ́rà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ + àti − sí pọ̀. Bí ẹ bá gbé e sí +1, kámẹ́rà yóò gba ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀ tí ó fẹ́ gbà tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sí −1, ìdajì ni yóò gbà. Ìdá mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń pín in sí láàárín. Lórí fóònù, ẹ fi ìka kan ohun tí ẹ ń yà. Lórí ọ̀pọ̀ wọn, àmì oòrùn kékeré kan yóò jáde, ẹ ó sì fà á sókè tàbí sísàlẹ̀. Ohun funfun, ẹ fi kún un. Ohun dúdú, ẹ yọ kúrò nínú rẹ̀. Ó máa ń ta ko ọgbọ́n orí àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, nítorí wọ́n rò pé ohun tí ó dúdú ni ó ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ohun funfun nìkan tàbí ohun dúdú nìkan ni a ń yà, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa, ojú dúdú àti léèsì funfun ni ó máa ń jókòó pọ̀ lórí àga kan ṣoṣo, ní ọ̀sán, lábẹ́ oòrùn. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ojú wa ni ó lẹ́bi. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn tí ń ṣe fíìmù ti fi ojú funfun ṣe òṣùwọ̀n. Láti àwọn ọdún 1950, Kodak a máa fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn ilé tí ń fọ fọ́tò, tí àwòrán obìnrin òyìnbó kan wà lórí rẹ̀. Shirley ni wọ́n ń pe káàdì náà. Bí àwọ̀ ojú Shirley bá ti jáde dáadáa, iṣẹ́ ti dára, ẹnikẹ́ni tí ojú rẹ̀ kò bá jọ ti Shirley, ó di ọwọ́ orí rẹ̀. Lorna Roth, olùkọ́ yunifásítì kan ní Kánádà, ṣe ìwádìí ọ̀ràn yìí, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2009. Àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ fún un pé lára ohun tí ó mú kí wọ́n tún fíìmù ṣe ni ẹjọ́ tí àwọn tí ń ta ṣokoléètì àti àwọn tí ń ta àga onígi rò, pé àwọ̀ ọjà àwọn kò hàn dáadáa. Àga! Ojú ọmọ ènìyàn ń di òru nínú fọ́tò lọ́dọọdún, ẹjọ́ àga ni etí gbọ́. Ní àwọn ọdún 1990 ni wọ́n wá fi obìnrin dúdú àti ará Éṣíà kún ti káàdì náà. Ní 2021, Google gbé ohun tí wọ́n pè ní Real Tone sínú fóònù Pixel 6, kí ojú dúdú lè jáde bí ó ti rí. Ọ̀ràn náà ń sàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé kámẹ́rà lọ́wọ́ ni ó ṣì ni ẹrù.

Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan tí ó wá wo iṣẹ́ àwọn fọtogíráfà wa ní Ìlá-Ọ̀ràngún, tí ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1978, rí i pé bí Yorùbá bá jókòó fún fọ́tò gidi, iwájú gan-an ni ó ń kọ ojú sí, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, aṣọ nílẹ̀ dáadáa. Ohun méjì ni ẹni náà fẹ́ kí a rí: ojú rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀. Bí ẹ bá fún un ní ọ̀kan tí ẹ gba èkejì lọ́wọ́ rẹ̀, kò tí ì gba iye owó rẹ̀.

Ohun tí ẹ ó rí ní ọ̀sán gangan ni òkìtì méjì: ọ̀kan fún léèsì ní ọ̀tún, ọ̀kan fún ojú ní òsì, àfonífojì sì wà láàárín wọn. Bí ẹ bá fi kún un kí ojú lè mọ́lẹ̀, léèsì yóò lu ògiri ọ̀tún. Bí ẹ bá yọ kúrò kí léèsì lè sinmi, ojú yóò wọnú èédú. Kò sí bọ́tìnnì tí ó lè mú àwọn méjèèjì súnmọ́ ara wọn. Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ẹ ó tún ṣe. Ẹ gbé àga kúrò nínú oòrùn, ẹ gbé e sábẹ́ igi máńgòrò tàbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ojú ẹni náà kọ sí ìta níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Ẹ ó rí i bí òkìtì méjèèjì yóò ti rìn wá pàdé ara wọn. Bí kò bá sí ìbòòji, ẹ jẹ́ kí ó kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, kí ẹnì kan sì di aṣọ ìbùsùn funfun tàbí pátákó funfun mú níwájú rẹ̀, nísàlẹ̀ díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ ta láti ibẹ̀ wọ abẹ́ gèlè. Iná fláàṣì náà lè ṣe iṣẹ́ yìí, ní ọ̀sán pàápàá; ẹ má ṣe rò pé alẹ́ nìkan ni ó wà fún. Ọ̀nà tí kò náni ní kọ́bọ̀ ni pé kí ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé oníjó kò ní í dúró, alága ìdúró náà kò ní í gbà.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí àyè kò sì gbà yín, ojú ni kí ẹ tọ́jú. Ẹ jẹ́ kí etí aṣọ kan jóná níbi tí kò ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ojú ènìyàn dúdú, ààyè rẹ̀ wà ní òsì agbedeméjì òkìtì. Kí ẹ má ṣe fi dandan tì í sí àárín nítorí pé ẹ fẹ́ kí ó "mọ́lẹ̀." Mo ti rí fọ́tò ìgbéyàwó tí wọ́n ti bó gbogbo ẹbí láì ra ìpara kan. Bàbá ìyàwó kò mọ ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí aṣọ pupa. Òkìtì tí mo ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pa gbogbo àwọ̀ pọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tún ní mẹ́ta mìíràn lábẹ́ rẹ̀: ti pupa, ti àwọ̀ ewé, àti ti búlúù. Bí ẹ bá ń ya gèlè pupa tàbí fìlà pupa, òkìtì gbogbogbòò lè dára, kí ti pupa nìkan sì ti rọ́ lu ògiri. Gèlè náà yóò jáde bí ìgbà tí wọ́n da ọ̀dà sí i, kò ní í sí ìṣẹ́po kan lára rẹ̀. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù títí òkìtì pupa yóò fi kúrò lára ògiri. Àwọn tí kámẹ́rà wọn lè ya RAW ní àyè díẹ̀ sí i ju àwa yòókù lọ, nítorí pé dípò agbọ̀n 256, RAW lè ní agbọ̀n 4,096 tàbí 16,384. Kí wọ́n sì mọ̀ pé òkìtì tí kámẹ́rà fi ń hàn wọ́n, ti JPEG ni. Ó lè sọ pé nǹkan ti jóná nígbà tí RAW ṣì dì í mú.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ àwọn tí ó kọ̀wé. Tíṣà mi, fọ́tò yín kò tí ì kú. Ṣẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ di eérú, kò jóná. Èyí fi hàn pé kò sí ohun tí ó kan ògiri ọ̀tún. Bí fọ́tò náà bá ṣì wà nínú kámẹ́rà yín, ẹ gbé e sínú Lightroom, ẹ wo òkìtì rẹ̀, kí ẹ sì rọra fa ibi tí wọ́n kọ Exposure sí lọ sókè títí ṣẹ́ẹ̀tì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri, kí ẹ dúró níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ibi tí wọ́n kọ Shadows sí, fún ojú àwọn ọmọ. Yóò ṣe wínníwínní díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá yẹn yóò rí ọmọ rẹ̀. Ẹ tẹ ọ̀kan ṣoṣo wò ná kí ẹ tó tẹ 41. Lọ́dún tí ń bọ̀, ẹ gbé kámẹ́rà sí +1 níwájú ògiri yẹn, ẹ ya ẹyọ kan, ẹ wo òkìtì, kí ẹ tó ní kí àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi ní Ìtokú, ẹ tẹ́ àdìrẹ náà sí ìbòòji, kí ẹ sì fi abala ìwé funfun kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ìka kan aṣọ, ẹ fa àmì oòrùn sísàlẹ̀. Bí ẹ bá yà á tán, ẹ wo òkìtì rẹ̀: aró gbọ́dọ̀ pọ̀ sí apá òsì láìlu ògiri, ìwé funfun sì gbọ́dọ̀ wà lọ́hùn-ún ní apá ọ̀tún, kí ó má ṣe kan ògiri. Níbi tí ẹ̀kọ ti dí aró lọ́wọ́ kí ó má baà wọlé, ẹ ó rí i láàárín àwọn méjèèjì. Kí ẹ tó gbé aṣọ sínú ọkọ̀, ẹ fi fọ́tò tuntun náà ránṣẹ́ sí oníbàárà, kí ó rí i, kí ó sì dáhùn. Ẹ tún béèrè ìdí tí gílóòbù inú ṣọ́ọ̀bù yín fi máa ń sọ aró di bí àwọ̀ ewé. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀ràn òkìtì, ti àwọ̀ iná ni, ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni n ó dá yín lóhùn.